Àpótí Tí Màmá Máa Ń Gbàgbé

Ẹ jọ̀wọ́, ẹni tó bá fẹ́ ka ìwé yìí, kó fi ojú àánú kà á. Ìwé díẹ̀ ni mo kà. Ọdún méjì péré ni mo lò ní ilé ẹ̀kọ́ girama kí n tó lọ kọ́ iṣẹ́ aṣọ rírán. Aṣọ ni ọwọ́ mi mọ̀ ọ́n rán, ọ̀rọ̀ kì í gún régé lọ́wọ́ mi. Nígbà tí Màmá kú, ẹ̀gbọ́n ìyá mi ní kí gbogbo àwa ọmọ-ọmọ kọ nǹkan sínú ìwé ètò ìsìnkú. Àwọn yòókù kọ ojú ewé kọ̀ọ̀kan. Èmi kọ ìlà mẹ́rin, ìlà kẹrin sì ni pé kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere, èyí tí gbogbo ènìyàn máa ń kọ. Nígbà tí mo rí i nínú ìwé, ojú tì mí. Ó dà bíi pé n kò mọ obìnrin náà rí.

Mo mọ̀ ọ́n. Ìdí nìyí tí mo fi mú ìwé tí mo fi ń kọ ìwọ̀n aṣọ àwọn oníbàárà mi, tí mo yí i padà, tí mo bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn. N kò ní sọ ìlú tí wọ́n bí i sí àti iye ọmọ tó bí. Ìyẹn wà nínú ìwé ètò. Irú ènìyàn tó jẹ́ ni mo fẹ́ sọ, àti ohun kan tó ṣe fún mi tí n kò mọ̀ títí a fi sin ín tán.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí nǹkan ṣe rí nílé tèmi ní ọ̀sẹ̀ tí Màmá kú, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí máa parí sí. Èmi àti ọkọ mi àti ọmọ wa kan ṣoṣo, Tèmi, ń gbé yàrá kan àti pálọ̀ ní Ìṣẹ̀rí-Olófin. Onílé ní òun fẹ́ wó ilé náà, kí òun fi ibẹ̀ kọ́ ṣọ́ọ̀bù. A ti rí ilé mìíràn ní Egan, a sì ti mú ọjọ́ tí a máa kó lọ. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni Tèmi. Èmi ló fi ojú jọ, èmi náà ló fi ẹnu jọ, kì í sọ̀rọ̀ níta. Ọ̀rẹ́ kan ṣoṣo ló ní, Fárídà, ọmọ tí àwọn òbí rẹ̀ ń gbé yàrá tó kọjú sí tiwa. Láti ọjọ́ tó ti rí wa tí à ń di ẹrù ni kò ti jẹun dáadáa mọ́.

Ó bi mí pé, "Màámi, tí a bá lọ, ṣé a máa padà wá?"

Mo ní, "Jẹ oúnjẹ rẹ."

Nígbà tó yá ó tún béèrè. Mo ní Egan kò kúkú jìnnà. Ó ti abọ́ oúnjẹ náà sẹ́yìn, n kò sì bínú sí i, nítorí mo mọ̀ pé irọ́ wà nínú ohun tí mo sọ. Ìkòtún kò jìnnà sí Ìgándò náà. Ọkọ̀ kan ṣoṣo ni. Mo kúrò ní Ìkòtún nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún mẹ́wàá, mo fi ọ̀rẹ́ mi sílẹ̀ níbẹ̀, n kò sì padà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ mọ́ títí di òní.

Màmá tí mo ń wí yìí, ìyá tó bí ìyá mi ni. Ògì ló ń ṣe tà. Ní gbogbo ibi tí a gbé, ní Ẹ̀gbẹ́dá, ní Ìdímù, ní Ìkòtún, àti ní Ìgándò tó kú sí, ẹ̀yìn ilé lẹ ó ti bá a láàárọ̀, tó jókòó lórí àpótí, tó ń sẹ́ ògì sínú ike ńlá. Ọkọ rẹ̀ tí n kò bá láyé ló kan àpótí náà fún un nígbà tó gbé e níyàwó. Ó kéré, kò ga ju orúnkún ọmọdé lọ. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti sán, wọ́n fi páànù àti ìṣó mú un pọ̀. Àárín ibi ìjókòó rẹ̀ ti jinlẹ̀ díẹ̀, ó sì ń dán. Tí ẹ bá jókòó lé e, ẹ ó mọ̀ pé ìdí ẹlòmíràn ló ni ibẹ̀.

Màmá kì í pariwo, ṣùgbọ́n orí rẹ̀ le. Dókítà ní kó má jẹ ṣúgà mọ́. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ dókítà, ó kí ìyàwó rẹ̀ àti àwọn ọmọ rẹ̀, ó délé, ó sì so kóró ṣúgà mẹ́ta mọ́ etí ìró rẹ̀. Mo bá a níbi tó ti ń jẹ ẹ́ lẹ́yìn ilé. Ó wò mí, ó tún ń jẹ ẹ́ lọ.

"Ṣadé, kí lojú ẹ rí?"

"Ojú mi ò rí nǹkan kan, Màmá."

"Ọmọ tó gbọ́n. Gba ọ̀kan."

Kì í jẹun tán. Bí ó ti wù kí oúnjẹ kéré tó, á ṣẹ́ òkèlè kan kù sínú abọ́, á fi nǹkan bò ó. Ìyá mi máa ń bínú sí i, ó ní eèrà ni Màmá ń bọ́. Tí àlejò bá sì lọ, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbá ilẹ̀ títí ẹni náà yóò fi dé ibi tó ń lọ. Gbogbo ènìyàn ló mọ èèwọ̀ yẹn, ṣùgbọ́n ti Màmá le ju ti àwọn ẹlòmíràn lọ. Lọ́jọ́ kan, ẹ̀gbọ́n ìyá mi ń padà sí Àkúrẹ́, mo sì gbé ìgbálẹ̀ kí ó tó yọ ní kọ̀rọ̀. Màmá gba ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ mi. Kò lù mí. Ó ní, "Ṣé o fẹ́ kó rò pé a ti ń retí kó lọ ni?"

Ìtìjú mi kò fi ìgbà kankan bí i nínú, bí ó ṣe ń bí ìyá mi nínú. Ìyá mi máa ń tì mí síwájú àlejò, á ní, "Kí wọn! Ṣé wọ́n gé ahọ́n ẹ ni?" Màmá kì í tì mí. Ìgbà kan tí à ń lọ sí Èkìtì fún ọdún Kérésì, wọ́n mú ọmọbìnrin kan jókòó tì mí nínú ọkọ̀. Ọ̀nà jìn, oòrùn mú. Ọmọ náà ń wò mí, èmi náà ń wò ó, kò sí ẹni tó sọ nǹkan. A ti kọjá Ìbàdàn kí Màmá tó fi ìgbọ̀nwọ́ gún mi jẹ́jẹ́, tó ju ẹ̀pà tó wà nínú bébà sí ẹsẹ̀ mi. N kò mọ ohun tó fẹ́ kí n fi ṣe. Ó tẹ̀ sí etí mi. "Bí o kò bá lè béèrè orúkọ rẹ̀," ó ní, "fún un ní ẹ̀pà." Mo fún un. Kí a tó dé Iléṣà, mo mọ orúkọ rẹ̀, mo mọ orúkọ ajá wọn, mo sì ti sùn sí èjìká rẹ̀.

Ní ti kíkó láti ilé dé ilé, ohun tí gbogbo ẹbí mọ̀ mọ Màmá ni pé onígbàgbé ni. Orúkọ tí àwọn ọmọ rẹ̀ ń pè é nìyẹn tí wọ́n bá fẹ́ fi ṣe yẹ̀yẹ́. Gbogbo ìgbà tí a bá ti kó ẹrù, Màmá á gbàgbé àpótí rẹ̀. Kì í gbàgbé ike ògì, kì í gbàgbé asẹ́, kì í gbàgbé Bíbélì. Àpótí nìkan ni. Nígbà tí a kúrò ní Ìdímù, ọkọ̀ ti gbé wa dé ojú títì kí ìyá mi tó yíjú padà.

"Màmá, àpótí yín dà?"

"Háà! Mo mà ti gbàgbé ẹ o."

"Ẹ tún ti gbàgbé ẹ! Bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe ní Ẹ̀gbẹ́dá náà!"

Ẹni tó ń wa ọkọ̀ bú sẹ́rìn-ín. "Màmá, ẹ máa gbàgbé ara yín lọ́jọ́ kan o."

"Tí mo bá gbàgbé ara mi," Màmá ní, "ìwọ náà lo máa padà wá gbé mi."

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì, ní Sátidé, Màmá á wẹ̀ fún mi, á di ògì sínú ọ̀rá, á fà mí lọ́wọ́, a ó lọ gbé àpótí. Ìrìn àjò ni lójú mi. Tí a bá dé ilé tí a ti kó kúrò, àwọn ọmọ ilé á sáré pàdé wa, wọ́n á ní, "Màmá ológì ti dé!" Ìyá kan á gbé àpótí jáde láti yàrá rẹ̀, á ní, "Màmá, ẹrù yín rèé o." Màmá á ní, "Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jókòó lé e ná." Ìjókòó yẹn á dọ̀sán, á dìrọ̀lẹ́. Wọ́n á máa sọ̀rọ̀, èmi àti àwọn ọmọ á máa fò súwe ní ẹ̀yìn ilé. Nígbà tí a bá ń lọ, a ó rántí gbogbo nǹkan, wọ́n á di ata fún wa, wọ́n á sìn wá dé ọ̀nà. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta la lọ gbé àpótí kan náà ní Ìdímù. Ẹ̀ẹ̀mejì la délé kí Màmá tó fi ọwọ́ lu àyà pé, "Yéè, Ṣadé, a tún ti gbàgbé ẹ!"

Mo gbà á gbọ́. Ọmọdé ni mí. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí mo fi ojú ara mi rí, tí n kò ro nǹkan kan sí. Ní ọjọ́ tó ṣáájú ọjọ́ tí a bá máa kó, Màmá máa ń fi ọṣẹ fọ àpótí náà, lókè, nísàlẹ̀, títí dé ìdí páànù ẹsẹ̀ rẹ̀, á nù ún gbẹ. Èmi náà ni mo máa ń bu omi sí i. Ta ló ń fọ ohun tó fẹ́ gbàgbé?

Ìyá mi kò fẹ́ràn àwọn Sátidé wọ̀nyẹn. Opó ni ìyá mi, kò sì sí ilé kan tí a kúrò tí kò jẹ́ pé ìjà onílé ló lé wa. Tó bá ti kúrò níbì kan, ó ti kúrò nìyẹn. Ó máa ń sọ pé ẹni tó ń wẹ̀yìn ni ẹsẹ̀ rẹ̀ ń kọ. Lọ́jọ́ tí a ti Ìdímù dé nígbà kẹta, ó dúró dè wá lẹ́nu ọ̀nà.

"Màmá, ilé tí wọ́n ti ju ẹrù wa síta lójú gbogbo ayé, ilé náà lẹ tún ń padà lọ. Ṣé ẹ ò lójútì ni?"

Màmá sọ ike ògì kalẹ̀. "Wọ́n lé wa kúrò nínú yàrá," ó ní. "Wọn ò lé wa kúrò lọ́dọ̀ ènìyàn."

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni wọn kò fi bá ara wọn sọ̀rọ̀. Èmi ni mò ń jíṣẹ́. Ní ọjọ́ kẹwàá Màmá po ògì, ó gbé e síwájú ìyá mi, ó fi kóró ṣúgà méjì sí i, ìyá mi sì kígbe pé, "Màmá! Níbo lẹ ti rí ṣúgà?" Bí ìjà ṣe parí nìyẹn.

Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ Síkírá báyìí, kí n tó rí nǹkan mìíràn fi dá ara mi dúró.

Ìkòtún la ti pàdé. Ilé Àlàájà ni, onílé tó jẹ́ ọmọ bíbí ibẹ̀, tí ilẹ̀ ibẹ̀ ti wà lọ́wọ́ àwọn bàbá rẹ̀ kí àwọn ayálégbé tó dé. Àwọn òbí Síkírá ń gbé ní yàrá ẹ̀yìn. Ọjọ́ kejì tí a dé, ó wá jókòó lórí àpótí Màmá bí ẹni pé tirẹ̀ ni. Ó bi mí léèrè orúkọ. N kò dáhùn. Ó ní, "Ó dáa, màá máa pè ẹ́ ní Ìwọ." Ọ̀sẹ̀ kan ló fi ń pè mí ní Ìwọ kí n tó sọ pé Ṣadé ni mí. Láti ìgbà náà ni ó ti di ẹnu mi. Tí wọ́n bá rán mi níṣẹ́ sí ṣọ́ọ̀bù, òun ló máa sọ ohun tí mo fẹ́ rà. Tí olùkọ́ bá béèrè nǹkan lọ́wọ́ mi, á nawọ́ sókè, á ní, "Ṣadé mọ̀ ọ́n, sà, kò kàn fẹ́ sọ ni." Ní oṣù Ràmàdánì mo máa ń bá a gbààwẹ̀ títí di ọ̀sán. Ní Kérésì ó máa ń tẹ̀lé mi lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, á kọrin tí kò mọ̀, á kọ ọ́ sókè ju gbogbo wa lọ. Ọdún méjì àti díẹ̀ ni. N kò tíì ní irú ẹ̀ mọ́. Mo ní ọkọ rere, mo ní ọmọ, mo ní oníbàárà, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó mọ ohun tí mo fẹ́ sọ kí n tó sọ ọ́.

Ìyá mi àti Àlàájà jà lórí omi kànga, ìyá mi sì wá ilé sí Ìgándò. Ní ọjọ́ tí à ń kó, Síkírá kò sunkún, èmi náà kò sunkún. A mọ̀ pé Màmá máa gbàgbé àpótí. A ti jọ sọ ọ́. Ó ní tí mo bá wá, òun máa ti ya súwe sílẹ̀ dè mí.

Ohun tí mo ṣe kò yé èmi fúnra mi títí di ìsinsìnyí. A ti kó gbogbo ẹrù sínú ọkọ̀. Ìyá mi àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń fi Màmá ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ní, "Onígbàgbé, kí lẹ gbàgbé lónìí?" Àwọn aládùúgbò ń rẹ́rìn-ín. Màmá náà ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo rò pé ojú ń tì í. Mo fẹ́ ṣe é lóore. Mo fẹ́ kí wọ́n dákẹ́. Mo bẹ́ sílẹ̀, mo sáré wọ ilé ìdáná, mo sì rí àpótí lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó mọ́, òórùn ọṣẹ ṣì wà lára rẹ̀. Mo gbé e lérí, mo sáré padà, mo jù ú sórí bẹ́ẹ̀dì nínú ọkọ̀.

Màmá rí i. "Ta ló gbé àpótí mi?"

"Èmi ni, Màmá! Ẹ ò gbàgbé ẹ lọ́tẹ̀ yìí!"

Gbogbo wọn pàtẹ́wọ́ fún mi. Síkírá dúró lẹ́nu géètì, kò pàtẹ́wọ́. Màmá wò ó, ó wò mí. Nígbà tí a sọ̀kalẹ̀ ní Ìgándò, ó gbé àpótí lé ilẹ̀, ó ní, "A ti lọ tán nìyẹn."

Ìyìn ni mo pe ọ̀rọ̀ yẹn. Àfìgbà tí Sátidé kìíní kọjá, tí èkejì kọjá, tí Màmá kò wẹ̀ fún mi, ni mo tó mọ̀ pé kì í ṣe ìyìn. Mo ní kí a lọ sí Ìkòtún. Ìyá mi gbọ́ láti inú ilé, ó ní, "Kí lẹ fẹ́ lọ ṣe nílé obìnrin yẹn? Kí lẹ fi síbẹ̀?" Kò sí ohun tí a fi síbẹ̀. Ní Ìgándò, mo máa ń jókòó sí ẹ̀yìn ilé láti ìgbà tí mo bá ti ilé ìwé dé, n kì í bá ẹnikẹ́ni ṣeré. Màmá á máa sẹ́ ògì, á máa wò mí. Lọ́jọ́ kan ó ní, "Ẹni tó bá lọ kí ènìyàn lásán, wọ́n á rò pé ó wá tọrọ nǹkan. Ẹni tó bá wá gbé àpótí rẹ̀, wọ́n á ní kó jókòó." Mo rò pé ọ̀rọ̀ àgbà ni, mo sì gbàgbé rẹ̀.

Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, mo ti ilé ìwé dé, mo bá Màmá lórí ike ọ̀dà tí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀. Kò sí àpótí. Ìyá mi béèrè, Màmá ní òun ti gbàgbé rẹ̀ síbì kan. Ìyá mi mi orí. Ó ní àgbà ti ń dé nìyẹn, pé eré tí à ń fi ìgbàgbé rẹ̀ ṣe ti ń di òótọ́. Kò pẹ́ sí ìgbà náà tí ẹsẹ̀ Màmá bẹ̀rẹ̀ sí í wú, tí kò lè wọ ọkọ̀ mọ́. Láti orí ike ọ̀dà yẹn ló ti ń sọ fún mi, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀mejì:

"Ṣadé, àpótí mi wà ní Ìkòtún. Lọ gbé e wá."

"Màmá, kò sí ní Ìkòtún. Èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi gbé e wá."

"Ó wà níbẹ̀."

"Ẹ ti gbàgbé ni, Màmá."

Nígbà tí mo dàgbà díẹ̀, mo máa ń sọ ọ́ pẹ̀lú ìkanra. Òótọ́ ni pé ìgbà míràn ó máa ń wù mí láti lọ. Ṣùgbọ́n ojú ń tì mí. Kí ni mo fẹ́ sọ tí mo bá dé ẹnu géètì wọn? Ta ni mo fẹ́ ní ó rán mi? Ọdún kan kọjá, òmíràn kọjá, ìtìjú náà sì ń ga sí i bí ilé tí wọ́n ń fi búlọ́ọ̀kù lé lórí. Nígbà tó yá Màmá kò sọ ọ́ mọ́. Ìgbà tó sọ ọ́ kẹ́yìn, mo ti bí Tèmi. Ó gbé ọmọ náà lé ẹsẹ̀, ó wo ojú rẹ̀ tó dákẹ́ rọ́rọ́, ó ní, "Èyí náà máa nílò àpótí." Mo rẹ́rìn-ín sí i bí a ṣe ń rẹ́rìn-ín sí arúgbó.

Ọjọ́ Jímọ̀ la sin ín. Ọjọ́ kejì rẹ̀ ni a máa kó lọ sí Egan, ọjọ́ náà ti wà tẹ́lẹ̀, onílé kò sì gbà kí a sún un síwájú. Lẹ́yìn ìsìnkú, àwọn ènìyàn jókòó sí àgbàlá ìyá mi ní Ìgándò. Mo wà ní ẹ̀yìn ilé, níbi tí Màmá máa ń wà, mò ń fọ abọ́ kí ẹnikẹ́ni má baà bá mi sọ̀rọ̀. Kẹ̀kẹ́ kan dúró níta. Obìnrin arúgbó kan tó wé ìborùn funfun sọ̀kalẹ̀, ó gbé nǹkan kan tí wọ́n fi ọ̀rá wé mọ́ra. Àlàájà ni. Mo mọ̀ ọ́n kí ó tó mọ̀ mí.

"Ìwọ ni Ṣadé?"

Mo kúnlẹ̀. "Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Ẹ̀yin ọmọ wọ̀nyí. Ẹnu àwọn ológì ni mo ti gbọ́ pé Ìyá ti lọ. Ṣé èmi ni ó yẹ kí n gbé e wá bá ọ ni, àbí ìwọ ni ó yẹ kí o wá gbé e?"

Ó tú ọ̀rá náà. Mo rí páànù ẹsẹ̀ rẹ̀ kí n tó rí ìyókù.

Àlàájà jókòó lórí àga, ó mí kanlẹ̀. "Ìyá àgbà rẹ wá sílé mi lọ́jọ́ kan, ó gbé àpótí yìí rù bí ẹni tó ń kiri. Mo ní, 'Màmá, ṣé ẹ tún ń kó padà bọ̀ ni?' Ó ní rárá o, pé òun wá gbàgbé nǹkan ni. Mo rẹ́rìn-ín títí. Ó ní kí n má rẹ́rìn-ín. Ó ní, 'Ṣadé ló máa wá gbé e. Ẹ má fún ẹlòmíràn.'"

Mo ní, "Síkírá ńkọ́, mà?"

"Síkírá kẹ̀? Òun ló gbà á lọ́wọ́ mi. Orí ẹ̀ ló ń jókòó sí. Ẹnikẹ́ni tó bá jókòó lé e, ìjà ni. Á ní, 'Àpótí Ṣadé ni, ó ń bọ̀ wá gbà á.' Ọdún méjì gbáko. Nígbà tí bàbá rẹ̀ ń kó wọn lọ sí Ìlọrin, ó fọ̀ ọ́ mọ́, ó gbé e wá bá mi. Láti ìgbà náà mi ò gbúròó wọn mọ́."

Ó dìde, ó lọ kí ìyá mi. Mo gbọ́ tí àwọn méjèèjì ń sunkún pọ̀ ní iwájú ilé, àwọn tó bá ara wọn jà nítorí omi kànga. Èmi jókòó lórí àpótí náà. Ibi tó jinlẹ̀ láàárín rẹ̀ ṣì wà. Tẹ́lẹ̀, mo mọ̀ pé Màmá ló jókòó síbẹ̀. Lọ́jọ́ yẹn mo mọ̀ pé Síkírá náà jókòó síbẹ̀, ọdún méjì, nígbà tí mo jókòó ní Ìgándò tí mo ń sọ fún Màmá pé ó ti gbàgbé. Kò gbàgbé nǹkan kan rí láyé rẹ̀. Mo fẹ́ sọ fún un. Kò sí ẹni tí mo lè sọ ọ́ fún. Mo gbé àpótí náà lérí, mo wá ọkọ̀ lọ sí Ìṣẹ̀rí.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, kí ọkọ̀ ẹrù tó dé, mo bu omi sínú garawa, mo fi ọṣẹ àti kànìnkànìn fọ àpótí náà, lókè, nísàlẹ̀, títí dé ìdí páànù ẹsẹ̀ rẹ̀. Mo nù ún. Mo gbé e lọ sí ilé ìdáná tí gbogbo wa jọ ń lò, mo fi sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, ní apá ibi tí Ìyá Fárídà ń kó ìkòkò rẹ̀ sí. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Nígbà tí ẹrù wọ ọkọ̀ tán, ọkọ mi bi mí pé, "Ṣé a ò gbàgbé nǹkan kan?"

Mo ní, "Rárá."

Tèmi jókòó tì mí. Fárídà dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó di ilẹ̀kùn mú. Ọmọ mi wo ẹrù lọ, ó wò ó bọ̀, ó yára dìde.

"Màámi, àpótí Màmá Àgbà! Ẹ jẹ́ kí n lọ gbé e!"

Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Jókòó," mo ní. "Sátidé tó ń bọ̀."

Ó wo ojú mi, ó sì jókòó. N kò fi ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀ títí ọkọ̀ fi yà sí ojú títì.